Ṣé Ó Ń Dùn Yín?

Ìyá Káàdì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, nítorí pé ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti jókòó sójú fèrèsé ilé ìwòsàn wa, tí mò ń wá káàdì, tí mò ń pe orúkọ àwọn tó ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀kọ́ kan ni mo kọ́ níbẹ̀ tí wọn kì í kọ́ àwọn dókítà níléèwé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú àìsàn tó wà nígboro, ẹ má wulẹ̀ da aláìsàn láàmú. Ẹ lọ bi ẹni tó ń sanwó fún dókítà.

Yàrá mẹ́ta péré ni ilé ìwòsàn náà ní: ibi tí àwọn èèyàn ti ń dúró, yàrá Nọ́ọ̀sì, àti yàrá Dókítà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ké bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án. Dókítà kan ṣoṣo la ní. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ó mọ̀wé, ó mọ́ tónítóní, kì í sì í kọjá lójú fèrèsé mi láàárọ̀ kó má kí mi pé, "Ìyá Káàdì, ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ara le?" Àléébù kan ló ní. Bí wọ́n bá ti yí ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé fún un padà, ojú tó fi ń wo èèyàn náà á yí padà. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó rò pé ìmọ̀ ìṣègùn ló ń tẹ̀síwájú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, iye ìgbà tí aláìsàn bá wọlé ni ọ́fíìsì ìlera fi ń sanwó fún un. Wọlé lẹ́ẹ̀kan, owó kan. Wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, owó mẹ́wàá. Ẹ ò bá wá wo ìfẹ́! Kò sí ikọ́ tó kéré lójú Dókítà, kò sí ìyẹ̀fun tó bọ́ síni lójú tí kì í gba oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀ kí n wò ó bó ṣe ń lọ sí." Bí Ọjọ́bọ̀ bá dé, á ní, "Ó ti ń lọ dáadáa, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé." Ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe, èékánná ló ya, ìgbà mẹ́sàn-án ló wá. Nígbà kẹsàn-án, èékánná tuntun ti hù jáde, Dókítà ní kó padà wá kí òun wò ó bóyá kò ní hù jù.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ńkọ́? Ní ìparí oṣù, Dókítà máa ń yọ díẹ̀ fún mi lórí iye káàdì tí mo bá fà jáde. Ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ. Nítorí náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá. Mo ń rán wọn létí láàárín ọ̀nà, mo ń rán wọn létí nídìí omi ẹ̀rọ, mo sì rán ọkùnrin kan létí níbi tó ti ń gẹrun, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí onígbàjámọ̀ gé e létí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà kejì sí ilé ìwòsàn. Máṣíìnì àtijọ́ ló ń lò, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún lásán láìwọ bàtà ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ó ní bàtà kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí máṣíìnì ń sọ. Òǹgbẹ ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa lákọ̀ọ́kọ́, òǹgbẹ tí kò lọ bó ti wù kó mumi tó. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni, ó fún un lóògùn tó yẹ. A ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́ ọ dáadáa pẹ̀lú, ẹ̀yìn fèrèsé mi ni mo jókòó sí tí mo ti gbọ́ ọ: "Mà, lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tó bá lọ́gbẹ́ tí kò dùn ún, ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà á lẹ́rù." Ó fi bírò pupa kọ àtọ̀gbẹ sórí káàdì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní kó máa padà wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ó wá nígbà mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn ìgbà kẹrìnlá, ó na ìka sí mi láti ojú fèrèsé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọkọ mi ni dókítà yín yìí ni? Ọkọ tí mo fẹ́ gan-an kò rí mi tó báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra, ó ń dáàbò bò yín ni."

"Kó lọ dáàbò bo ìyàwó ẹ̀. Ta ni yóò bá mi rán aṣọ àwọn oníbàárà mi? N ó máa ra oògùn mi níta. Mi ò ní tẹ ilẹ̀ ibí yìí mọ́, àfi bí wọ́n bá gbé mi wá."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ kó yí i padà. Mo kàn fi káàdì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan ti ọ́fíìsì ìlera dé pẹ̀lú báàgì aláwọ̀ dúdú tí kì í gbé sílẹ̀, kódà bó bá ń mu omi. Oníbáàgì la sọ ọ́. Ó ní ọ́fíìsì ti ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn àdúgbò wa ń ṣàìsàn ju ti ìlú tí ogun ń jà lọ. Láti oṣù tó ń bọ̀, wọn kò ní sanwó lórí ìwọ̀lé mọ́. Orí ni wọn yóò máa san. Gbogbo ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Dókítà, wọn yóò san iye kan lé e lórí lóṣooṣù, ì báà wá, ì báà má wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyanu ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni Oníbáàgì wá, nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ajé, ara gbogbo àdúgbò ti le. Èyí tó ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀, Dókítà ní ikọ́ ni ara fi ń fọ ara rẹ̀. Èyí tí ẹ̀yìn ń ro, ó ní kó máa rìn. Èyí tí ìrìn ń ni lára, ó ní kó jókòó. Ó kó bẹ́ǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin jáde, ó ní ìjókòó ló ń fa àìsàn. Ó gbé rẹ́jísítà lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, ó kọ orúkọ àwọn géńdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó fi mọ́ àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá. "Ẹ wá forúkọ sílẹ̀," ló ń wí, "ẹ ò sì nílò kí ẹ wá mọ́." Àmọ́ bí arúgbó kan bá ti fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, kí ẹ wá gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀ lẹ́nu Dókítà. "Bàbá, kí n má purọ́ fún yín, dókítà tó wà lódìkejì afárá mọ iṣẹ́ jù mí lọ fíìfíì." Ẹni tí kò tíì yin dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí láyé!

Lọ́jọ́ kan, ó wá bá mi lójú fèrèsé, ó fọwọ́ lérí káńtà.

"Ìyá Káàdì, ẹ̀yin gan-an ni ìṣègùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í. Ṣé ó ń dùn yín? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó dúró. Bó bá ní rárá, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé kó lọ sinmi nílé."

"Bó bá wá ń bínú ńkọ́?"

"Ìbínú kì í ṣe ìrora." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iye tí mò ń yọ fún yín tẹ́lẹ̀ lórí ẹni tó wọlé, n ó máa yọ ọ́ fún yín báyìí lórí ẹni tó padà sílé. Àmọ́ ẹ má fa káàdì rẹ̀ jáde o. Káàdì tí ẹ bá ti fà jáde, ó ti wọlé nìyẹn."

Ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi, iṣẹ́ náà mọ́ mi lára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń fa ilà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá padà sílé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bi ìbéèrè náà kó lè bí rárá. Bí ẹ bá bi èèyàn pé, "Ṣé ó ń dùn yín?" pẹ̀lú ojú líle, tí èèyàn mẹ́fà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé, "Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí." Kò fi bẹ́ẹ̀, rárá ni mo máa ń pe ìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni mo gbójú sókè tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó di aṣọ oníbàárà kan sínú ọ̀rá, ó gbé e mọ́ àyà kí òjò má bà á jẹ́. Èèyàn bíi mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo tó kù ti kún.

"Àbúrò mi, mo mọ ohun tí mo sọ o. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ló já bọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò tiẹ̀ mọ̀, àfi ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára irin tí mo ń tẹ̀."

Ẹnu mi ti là kí ọkàn mi tó débẹ̀. "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá! Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ihò yẹn gba orí ìka mi, síbẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ti mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Dókítà nígbà tí ìwọ̀lé ṣì ń mówó wá. Káàdì rẹ̀ wà lẹ́yìn mi, bírò pupa wà lórí rẹ̀, bí mo bá na ọwọ́ lásán n ó kàn án. Ṣùgbọ́n mo wo ìlà èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo wo ìwé kékeré mi, mo ní, "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí kò bá dunni kì í ṣe àìsàn. Ẹ lọ fi omi oníyọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sinmi."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ó ṣeun. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo jẹ ọ̀rọ̀ mi." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó jáde sínú òjò. Mo fa ilà kan. Òun ni ẹnì kọkànlélọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀ yẹn.

Oṣù méjì kọjá. Mo máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sílé, á juwọ́ sí mi láti ìdí máṣíìnì, èmi náà á juwọ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan nípa ẹsẹ̀ náà, ó ní ó ń gbẹ. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé ó rọrùn láti gbà gbọ́.

Oníbáàgì tún dé. Ó ní ọ́fíìsì ti ṣàkíyèsí pé ara àwọn èèyàn wa le púpọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń kú. Nítorí náà, ìwé tuntun ti jáde. Nǹkan mọ́kànlá ló wà nínú ìwé náà, gbogbo èyí tí Dókítà bá ṣe fún ẹnì kan, owó wà lórí rẹ̀: kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó gbé e sórí ìwọ̀n, kó bi í bóyá ó ń mu sìgá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló lówó lórí jù: kó wo ẹsẹ̀ méjèèjì gbogbo alátọ̀gbẹ.

Dókítà kó bẹ́ǹṣì wọlé padà. Kò sí ẹni tó wọlé tí kò bọ́ sórí ìwọ̀n. Ọkùnrin kan tí egungun ẹja há lọ́fun wá, ojú rẹ̀ ti yọ síta, Dókítà wọn gíga rẹ̀, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ní ó ga díẹ̀. Kí ni ì bá mú kó má ga? Nọ́ọ̀sì ló fi ìbínú gbá ọkùnrin náà lẹ́yìn tí egungun fi jáde. Dókítà bi ọmọ oṣù mẹ́rin bóyá ó ń mu sìgá. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́ sórí káàdì ọmọ náà: kì í mu sìgá. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, gbogbo làpálàpá náà ló sì ní ibi tí a ti ń fi àmì sí i.

Ní ti ẹsẹ̀, wàhálà ni. Ogójì alátọ̀gbẹ ló wà nínú rẹ́jísítà, ìyẹn ọgọ́rin ẹsẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé kí oṣù tó parí, ọ́fíìsì yóò san ìlọ́po méjì. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Dókítà yọ sí mi lójú fèrèsé, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"Ìyá Káàdì, a ti ní méjìdínlọ́gọ́rin! Ẹsẹ̀ méjì ló kù. Ẹ̀gbọ́n yín aránṣọ ńkọ́?"

Mi ò lè sọ pé mo gbàgbé, nítorí pé ìgbà yẹn gan-an ni mo wá rántí.

Dókítà fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé mi, òun tí kì í mọ ọ̀nà ilé aláìsàn nígbà tó jẹ́ orí ni wọ́n ń san. A bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí máṣíìnì. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó fi àjákù aṣọ funfun oníbàárà rẹ̀ we ẹsẹ̀ ọ̀tún, aṣọ náà kò sì funfun mọ́. Ó fọ́n lọ́fínńdà sínú ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ lábẹ́ òórùn lọ́fínńdà yẹn, òórùn mìíràn wà níbẹ̀ tí gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn mọ̀.

"Dókítà fúnra yín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí ló dé o?"

"Ẹsẹ̀ yín ni mo wá wò, mà. Méjèèjì."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú aṣọ náà, ó wò. Ó wo òsì pẹ̀lú. Ó yọ fọ́ọ̀mù, ó fi bírò sàmì lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀. "Ọgọ́rin pé! Ẹ ṣeun, mà." Ó ti dìde, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo dí ẹnu ọ̀nà. "Dókítà, kí lẹ rí?"

"Mo ti wò ó, Ìyá Káàdì. Mo ti sàmì sí i."

"Mo gbọ́. Mo ní, kí lẹ rí?"

Ó yíjú padà. Ìgbà yẹn ló tó wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ iléèwé rẹ̀ ṣe ń padà sójú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mú un. Mo ti sọ fún yín pé kì í ṣe èèyàn burúkú: òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n jáde, tó wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láìdúró.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Ní ọjọ́ kẹta, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti ìbéèrè náà, mo sọ ti ìwé kékeré, mo sọ ti ilà. Mo retí kó gbá mi létí, mo tiẹ̀ sún mọ́ ọn kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó mi.

Ó ní, "Èló ni wọ́n fún ẹ lórí mi?"

Mo dá a lóhùn.

"Kò tó owó òwú kan," ló wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka ẹ̀gbọ́n mi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìka tó fa ilà ló ṣẹ̀, òun rèé lọ́wọ́ mi, ó pé márùn-ún.

Oníbáàgì wá ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé ẹ̀yẹ onífírémù dání: àwa la ṣe ipò kìíní nínú ẹsẹ̀. Dókítà kò fẹ́ gbé e kọ́, Oníbáàgì fúnra rẹ̀ ló kàn án mọ́ ògiri òdìkejì fèrèsé mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́ọ̀mù oṣù tuntun, ó fajú ro.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin lẹ kọ síbí. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ní gbà á. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í ṣẹ́ kù, méjì méjì ló ń gbà."

"Ẹnì kan ní ẹsẹ̀ kan," ni mo wí.

"Ẹ bá mi kọ méjì, Ìyá Káàdì. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ba iṣẹ́ ọgọ́rin jẹ́."

Mo wo Dókítà. Ilẹ̀ ni Dókítà ń wò. Mo ti fèrèsé mi mọ́ Oníbáàgì lójú, òun àti báàgì rẹ̀, mi ò sì ṣí i títí ó fi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wá lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì kí n tó rí i. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà lórí ìlà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi í síwájú, ó dúró títí ó fi kàn án. Ó gbé igbá àyà lé káńtà mi kó lè sinmi apá, ó wò mí. Láti ilé ìwòsàn ńlá, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Kò sí ẹni tó ní kí n dákẹ́ bíbi ìbéèrè náà. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde, mi ò sì rí i dá padà.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Lábẹ́ àtàǹpàkò, ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní ọ̀sán, ní òru, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún mi." Ó wo ìsàlẹ̀, níbi tí kò ti sí nǹkan kan, ó tún wò mí. "Ó ti ń dùn mí wàyí. Ṣé mo lè wọlé?"

Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fa káàdì rẹ̀ jáde.